Ẹ Kọ Ebè Kí Ẹ Tó Gbin Eyín: Bí a ṣe ń fi egungun kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣáájú implant

Ọdún mẹ́fà gbáko ni àlàfo fi wà lẹ́nu mi, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí eyín ńlá tí mo fi ń fọ́ egungun adìẹ wà tẹ́lẹ̀. Kò dùn mí, mi ò sì kà á sí. Ìgbà tí mo wá rówó kó jọ láti fi implant dí i, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń rì sínú egungun kí wọ́n lè fi eyín dé e lórí, dókítà wo fọ́tò tí wọ́n yà, ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Mà, mílímítà 4 péré ni egungun yín kù ní fífẹ̀ níbí. Irin tí mo fẹ́ rì sínú rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibo ni kí n wá gbé e sí?"

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ohun tó sọ yé mi lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbin iṣu sórí ebè tí àgbàrá ti wọ́ lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ tún ebè kọ ná. Bí wọ́n ṣe ń tún un kọ lẹ́nu èèyàn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, láti ọjọ́ tí eyín fẹ́ kúrò títí dé ọjọ́ tí òmíràn á wọlé. Olùkọ́ ni mí l'Ádó, mi ò kì í ṣe dókítà. Ẹ fi èyí múra, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bi dókítà tiyín.

Ìdí tí egungun fi ń lọ

Egungun tó yí gbòǹgbò eyín ká, torí eyín ló ṣe wà níbẹ̀. Bí a bá ń jẹun, eyín á máa tẹ̀ ẹ́, títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí eyín bá ti kúrò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kó egungun náà padà díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ lè ti lọ, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì máa ń yára jù. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ fi ìka ra ibi tí eyín ti yọ lẹ́nu yín. Ẹ ó rí i pé ó ti tẹ̀ wọnú, àgàgà ní ìhà tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àrùn èrìgì náà ń jẹ egungun kódà kí eyín tó jábọ́. Òun ló máa ń mú kí eyín àwọn àgbà wa máa mì. Ìjàǹbá ọ̀kadà náà ń ṣe é. Eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ lálẹ́ kì í dá a dúró, torí orí èrìgì ló jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí èyí tó há dáadáa nígbà tí wọ́n ṣe é fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́nu lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Eyín òkè tó dojú kọ àlàfo náà kì í sì í dúró sójú kan, á máa sọ̀ kalẹ̀ wá ẹnìkejì rẹ̀ tí kò sí mọ́.

Inú egungun ni implant ń wọ̀ ní tirẹ̀. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, dókítà ará Sweden, fi ohun èlò títáníọ̀mù, irú irin kan, sínú egungun ehoro láti fi ṣe ìwádìí. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́, egungun ti hù mọ́ ọn. Ní 1965, ó fi irú títáníọ̀mù yẹn sẹ́nu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, ọkùnrin náà sì ń fi í jẹun títí tó fi kú ní 2006. Egungun ló di irin náà mú láti ọdún yẹn wá. Níbi tí egungun ò bá tó, ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o.

Bí wọn kò bá tíì yọ eyín náà

Bí eyín tó fẹ́ kúrò bá ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún jù lọ. Kí dókítà tó gbé ẹ̀mú, ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá yọ ọ́ tán, ṣé ẹ lè dí ihò rẹ̀ kí egungun má bàa lọ?" Wọ́n á fọ inú ihò náà, wọ́n á ki ẹ̀rún egungun sí i, wọ́n á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, wọ́n á sì rán an. Kò ní dá egungun dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tó máa lọ á kéré gan-an, iṣẹ́ náà sì fúyẹ́, owó rẹ̀ ò tó ti iṣẹ́ abẹ tí ẹ máa ṣe bí ẹ bá jẹ́ kí ọdún gorí ọdún. Bí ọyún bá pọ̀ níbẹ̀, dókítà lè ní kí ojú ibẹ̀ kọ́kọ́ san fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti yọ tèmi, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Wọ́n ki òwú bọ̀ mí lẹ́nu, wọ́n ní kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tí ẹ ó lọ bá

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn eyín tó ń yọ eyín ló ń fi egungun kún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níhìn-ín l'Ékìtì, ẹ lè kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ẹ̀ka eyín ilé ìwòsàn ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ tó wà l'Ádó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ síwájú, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín fúnra wọn níṣẹ́. Láti Adó sí Ifẹ̀, ẹ ó gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, Ìtàwúrẹ́, kí ẹ tó já sí Iléṣà. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹ ó rin ọ̀nà yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì ka owó ọkọ̀ mọ́ owó iṣẹ́.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ọdún yìí hàn yín láti ọwọ́ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín, dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i. Ẹni tó ń bá dókítà ṣe eyín àtọwọ́dá ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ iyì sì ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó la èrìgì yín. Ẹ béèrè pé mélòó irú iṣẹ́ yìí ni dókítà ti ṣe, kó fi fọ́tò ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn hàn yín. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí ẹ lè pè bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lóru.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: fọ́tò, ẹ̀rún egungun, awọ, iṣẹ́ abẹ, implant, eyín tí wọ́n máa fi dé e lórí, àti àbẹ̀wò tó tẹ̀ lé e. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ohun èlò náà ti ń wá, iye rẹ̀ sì ń bá dọ́là lọ. Ẹ béèrè pé títí di ọjọ́ wo ni iye tí wọ́n kọ náà fi máa dúró.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún dókítà

Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ojú ọgbẹ́ kì í tètè jiná nígbà tí ṣúgà bá ga. Wọ́n á ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 8. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bí aspirin tàbí warfarin, kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí dókítà eyín àti dókítà ọkàn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí tí oògùn kan kì í bá lára mu, sọ ọ́ jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fún ẹni tí egungun rẹ̀ ti rọ̀, àti ẹni tí jẹjẹrẹ ti dé egungun rẹ̀, bí alendronate àti abẹ́rẹ́ zoledronic acid. Àwọn oògùn wọ̀nyí lè mú kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú bí wọ́n bá la ibẹ̀, kódà bó ti pẹ́ tí ẹ ti lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ọrùn tàbí ẹnu rẹ̀ sàn. Bí ìyá tàbí bàbá yín ni ẹ fẹ́ mú lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kì í sábà rántí orúkọ oògùn.

Sìgá, ṣíṣà, aáṣáà: ẹ dá wọn dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni egungun tuntun ń jẹ kó tó lè hù. Bí èrìgì bá sì ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ eyín yín, kí wọ́n tọ́jú èrìgì ná.

Fọ́tò tó ń fi ìbú hàn

X-ray lásán ń fi gíga egungun hàn, kì í fi bó ṣe nípọn tó hàn. CBCT, irú X-ray mìíràn, ló ń yà á yí po. Nípa rẹ̀ ni dókítà fi ń rí iṣan ìmọ̀lára tó gba inú páárí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ kọjá. Ó máa ń fi nǹkan bí mílímítà 2 sílẹ̀ láàárín iṣan yẹn àti ìdí implant, torí bí irin bá kàn án, ètè àti àgbọ̀n lè kú tìǹ fún oṣù gbọọrọ, tàbí títí láé. Lókè lẹ́yìn, ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní sinus ló wà lórí gbòǹgbò eyín, bí eyín bá sì ti lọ, ó máa ń fẹ̀ sísàlẹ̀. Bí egungun ibẹ̀ bá ti tín-ín-rín jù, wọ́n á gbé awọ inú sinus náà sókè díẹ̀, wọ́n á sì ki ẹ̀rún egungun sábẹ́ rẹ̀.

Implant tó fẹ̀ tó mílímítà 4 nílò egungun tó lé ní mílímítà 1 lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn ni pé, bí fífẹ̀ tiyín bá tó 6 sí 7, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò àfikún kankan. Bó bá kù díẹ̀, wọ́n lè fi egungun kún un lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n rì implant. Ẹlòmíràn, implant kúkúrú tàbí eyín tí wọ́n so mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa tó o. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀. Ẹ sì gba ẹ̀dà fọ́tò náà sínú fláàṣì, tiyín ni, ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀.

Egungun ta ni wọ́n fẹ́ fi sí i?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Wọ́n lè bù ú lára yín, láti àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn páárí, tàbí láti ìbàdí bí àlàfo náà bá tóbi gan-an. Egungun yìí wà láàyè, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ á di méjì. Ó lè jẹ́ ti èèyàn tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kó tó kú, tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ ti màlúù, tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kúrò. Eléyìí kì í tètè yọ́, ó máa ń di ààyè rẹ̀ mú pẹ́. Ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi kálísíọ̀mù ṣe nílé iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kọ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ béèrè dáadáa, torí ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú awọ ìbòjú mìíràn. Ti màlúù wà. Ẹ sọ tiyín kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀rún yìí dà bí igi tí à ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún. Egungun tiyín ni ìtàkùn náà, òun ló máa gùn ún títí tó fi máa gba gbogbo ibẹ̀. Awọ tí wọ́n fi bò ó wà nítorí pé èrìgì ń yára hù ju egungun lọ. Bí kò bá sí ohun tó dí i, èrìgì á ya wọ àyè náà bí koríko ṣe ń ya wọ oko tí a kò ro.

Ọjọ́ iṣẹ́

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú nìkan, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Bó bá jẹ́ èyí tó ń múni sùn, ohun tí wọ́n bá sọ nípa oúnjẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ má sì gun ọ̀kadà padà sílé.

Ojú mi là sílẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Wọ́n la èrìgì, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sára egungun àtijọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn jáde. Ẹ̀rún náà wà nínú abọ́ irin kékeré kan, ó funfun bí gaàrí Ìjẹ̀bú tí a kò tíì ta omi sí. Dókítà fi ẹ̀jẹ̀ mi pò ó, ó sì gbá jọ lójú mi. Ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bò ó, ó rán an. Kò tó wákàtí méjì. Mi ò ní ìrora kankan títí abẹ́rẹ́ fi kúrò lára mi ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ọwọ́ aláìsàn ló sì wà.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi eyín tẹ òwú náà mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ má máa yọ ọ́ wò. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ wé yìnyín, kí ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé e kúrò fún ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá síná nílé, ẹ ra yìnyín lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta omi tútù. Ẹ fi ìrọ̀rí méjì sùn. Ẹ má tu itọ́ pẹ̀lú agbára, ẹ má fi stróò mu nǹkan, ẹ má fi omi yọnu. Bó bá jẹ́ òkè lẹ́yìn ni, ẹ má fọn imú fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí sín-ín bá sì mú yín, ẹ la ẹnu sín in. Ẹni tí ọyẹ́ máa ń dà láàmú ní imú, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oṣù tó fẹ́ ṣe é.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ bu ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kó rọra yí lẹ́nu, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ. Ẹ fọ eyín tó kù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Mo fẹ́ràn orín ata, òun ni mo fi dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sinmi ná, okùn rẹ̀ lè fa òwú yọ. Ẹ má fi àgbo, aáyù tàbí ọtí kankan sí ojú ibẹ̀. Ẹ lo oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá fún yín tán, kódà bí ara bá ti yá.

Ní ti oúnjẹ: ẹ̀kọ, ẹyin, ẹ̀wà tó jinná dénú, iṣu tí a fọ́, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè nípa iyán. Dókítà mi ní kí n dúró di ẹ̀yìn ọjọ́ kẹwàá, kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí òkèlè rẹ̀ kéré, kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni ata inú ọbẹ̀, àti ìgbín àti pọ̀nmọ́ tí à ń jẹ tẹ̀ lé e, torí pé wọ́n ń béèrè agbára. Obì àti orógbó kò sí níbẹ̀ rárá.

Ní òru kẹta, mo rí nǹkan kan lórí ahọ́n mi bí yanrìn. Mo tu ú sórí tíṣù: ẹ̀rún funfun mẹ́ta, mẹ́rin. Mo rò pé gbogbo owó mi ti dà sílẹ̀. Mo pe dókítà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní ẹ̀rún díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù, pé kí n má ṣáà fi ahọ́n wá a kiri. Òótọ́ ni. Ẹ má fi ahọ́n wá a kiri.

Wíwú máa ń ga jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bó bá tún ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, bí ibà bá dé, bí ọyún bá ń jáde, bí awọ náà bá ṣí tí ẹ̀rún sì ń dà jáde, bí ètè bá ṣì kú tìǹ lọ́jọ́ kejì, tàbí bí omi tí ẹ mu bá ń gba imú jáde, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ọjọ́ àbẹ̀wò.

Bí ẹ bá ní eyín àtọwọ́dá tí ẹ ń lò, ẹ má dédé fi í padà sórí ibẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ gé abẹ́ rẹ̀ kó má bàa tẹ egungun tuntun.

Oṣù tí a fi ń dúró

Ihò eyín tí wọ́n dí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èyí tí wọ́n fi mú egungun fẹ̀ sí i máa ń tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti sinus lè tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rì implant, egungun á tún nílò bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láti hù mọ́ ọn kí wọ́n tó fi eyín dé e lórí. Ẹ kà á sí ọdún kan. Bí ẹ bá ní ìgbéyàwó ọmọ tàbí ìsìnkú tí ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ ka oṣù náà padà sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á parí láàárín oṣù méjì fún ẹni tí egungun rẹ̀ ti lọ, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ẹ tó sanwó.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n tún fọ́tò tèmi yà. Mílímítà 4 ti di 7.

Ọjọ́ tí wọ́n gbin ín

Iṣẹ́ ọjọ́ yìí fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ sì jọra. Bó bá jẹ́ eyín iwájú, tí ẹ sì ní èéjì tẹ́lẹ̀, ẹ mú fọ́tò àtijọ́ dání kí wọ́n lè fi èéjì náà sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n á pa á dé, wọ́n á rò pé àwọn ṣe yín lóore.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba káàdì tí wọ́n lẹ sítíkà implant àti ti ẹ̀rún egungun mọ́: orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n, nọ́ńbà. Ìdè implant kan kì í wọ òmíràn. Bí ìdè orí rẹ̀ bá tú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí ẹ sì ti kó lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Èkó, káàdì yẹn ni dókítà ibẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè. Tèmi wà nínú àpò kan náà tí mo kó ìwé ẹ̀rí NCE mi sí.